Kóòtù Bàbá Láwàl àti Ẹgbẹ̀rún Sẹ́ẹ̀lì

Lẹ́tà tí wọ́n fún Bàbá Láwàl kò gùn. Ó ní báàjì tó ń wọ̀ sáyà, èyí tó ń ka ìtànṣán X-ray tó bá ba òṣìṣẹ́, ti ka iye tó ju ti gbogbo òṣìṣẹ́ yòókù lápapọ̀ lọ, láàárín oṣù mẹ́ta péré. Ẹni tó bá gba irú ìtànṣán bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ fi yàrá X-ray sílẹ̀ lọ sí yàrá fáìlì, àfi bí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ bá sọ nǹkan mìíràn.

"Yàrá fáìlì kẹ̀?"

Ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ló ti ń lo ẹ̀rọ náà nílé ìwòsàn kékeré kan ní Adéwọlé. Òun ló ń tún un ṣe, òun nìkan ló sì mọ ibi tí wọ́n ń gbá bó bá kọṣẹ́. Kí ló fẹ́ gbá lára fáìlì?

Ó wọ kẹ̀kẹ́ lọ sí láàbù Hamidat ládùúgbò Fate, níbi tí wọ́n ti ń yẹ DNA wò. Hamidat fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ kẹrin, nítorí sẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dàgbà nínú ìgò. Nígbà tó padà dé, Bàbá fa àga sún mọ́ Hamidat.

"Bàbá, ẹ máa lọ sílé. Màá pè yín."

"Ẹ̀jẹ̀ ta ni?"

"Tiyín ni, sà."

"Ká jọ kà á nígbà náà."

Hamidat rẹ́rìn-ín. "Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, DNA máa ń ká jọ bí okùn kéékèèké mẹ́rìndínláàádọ́ta. Okùn kọ̀ọ̀kan ní ìbàdí kan ṣoṣo. Bí ìtànṣán bá já okùn méjì, ara á sáré so wọ́n padà. Nígbà mìíràn, á so ti eléyìí mọ́ ti ìyẹn, okùn kan á wá ní ìbàdí méjì."

"Bíi télọ̀ tó rán ṣòkòtò méjì pọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ gan-an. Ìtànṣán kékeré kì í já púpọ̀, ìdí nìyẹn tá a fi máa ka ẹgbẹ̀rún sẹ́ẹ̀lì."

Bàbá Láwàl fẹ́ràn iṣẹ́ tó létò. Ó yọ tẹ̀sùbáà ọlọ́gọ́rùn-ún rẹ̀ lápò. Hamidat tẹjú mọ́ awò tó ń mú kí sẹ́ẹ̀lì hàn, ó ń sọ pé "Ó dáa," Bàbá ń fa ọmọ tẹ̀sùbáà kan. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi kà á. Nígbà tí tẹ̀sùbáà yí lẹ́ẹ̀keje, Hamidat gbójú sókè.

"Ìbàdí méjì?"

"Ìbàdí méjì."

"Ìnnà lílláhì! Yàrá fáìlì dé!"

"Ẹ fara balẹ̀, Bàbá. Ẹni tó ń ṣọ́ géètì wa náà ní ọ̀kan, kò sì wọ yàrá X-ray rí."

Nígbà tí ó yí lẹ́ẹ̀kẹwàá, ọ̀kan náà ni wọ́n ṣì rí.

"Bí báàjì yín bá sọ òótọ́, ó yẹ ká rí ogún, ó kéré tán. Ibo ló máa ń wà?"

"Lára kóòtù mi."

"Kóòtù ńkọ́?"

"Lára mi! Mi ò yọ ọ́ rí lẹ́nu iṣẹ́."

Lọ́jọ́ kejì, Hamidat lọ wò ó níbi iṣẹ́. Kò rí àléébù kankan títí wọ́n fi pe ìrun Àyìlá. Bàbá Láwàl bọ́ kóòtù, kí omi àlùwàlá má baà rin ín, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, ó jáde. Tẹ́lẹ̀, àwọn aláìsàn máa ń dúró dè é ni. Ṣùgbọ́n láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti gba Saeedah láti ràn án lọ́wọ́, iṣẹ́ kì í dúró mọ́.

"Ẹ gbé àyà síbí," Saeedah pàṣẹ fún ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn gíláàsì. "Ẹ mú èémí dúró!"

Hamidat gba òkè èjìká ọkùnrin náà wo iwájú. Kóòtù Bàbá Láwàl wà lára ògiri níbẹ̀, ó kọjú sí ẹ̀rọ, báàjì wà láyà rẹ̀.

"Saeedah, èèyàn méjì lo ń yà yẹn."

Kí Bàbá tó kírun tán, kóòtù ti gba mẹ́sàn-án.

"Ọjọ́ Jímọ̀ ńkọ́?" ni Hamidat béèrè.

"Háà! Lọ́jọ́ Jímọ̀, Bàbá kì í tètè dé láti mọ́sáláàsí."

Nígbà tí wọ́n fi hàn án, Bàbá Láwàl tẹjú mọ́ ìṣó náà títí. "Èmi ni mo kàn án. Mo tiẹ̀ wọ̀n ọ́n kó lè dúró sí àárín gan-an."

Ọ̀gá ilé ìwòsàn ka ìwé Hamidat, ó rẹ́rìn-ín débi pé ó yọ awò ojú rẹ̀ nù. Àmọ́ ó ní òun ti fọwọ́ sí lẹ́tà, ẹni tó gba ìtànṣán gbọ́dọ̀ lọ.

"Mo ti gbọ́, sà," ni Bàbá Láwàl wí. Ó yọ báàjì sápò, ó ká kóòtù rẹ̀ dáadáa, ó gbé e lọ sí yàrá fáìlì, ó sì fi kọ́ ẹ̀yìn àga.

Saeedah kúnlẹ̀ kí kóòtù náà. "Ẹ kú iṣẹ́ tuntun, sà."

Bàbá Láwàl ti ń jáde. Ó ti mú òòlù àti ìṣó kan, ó ń lọ sídìí ẹ̀rọ omi níta, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àlùwàlá, kí kóòtù tuntun lè rí ibi kọ́ sí.