Ta Ló Fi Ṣúgà Sínú Tíì Mi?

Èmi kọ́. Ọwọ́ mi ò kan abọ́ ṣúgà láti ìgbà tí wọ́n ti gbé e lọ sókè kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí mi ò lè dé láìgun àga. Síbẹ̀ mo tọ́ tíì wò báyìí, ó dùn… ó dùn ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyàwó mi ló sì gbé e wá. Ìyàwó mi! Ẹni tó ti gba ṣíbí ṣúgà lọ́wọ́ mi rí lójú àlejò, tí kò sì wojú ẹnikẹ́ni.

Ó gbé tíì kalẹ̀, ó gbé ẹyin díndín tì í, pẹ̀lú búrẹ́dì tó fi bọ́tà yan. "Ẹ jẹ ẹ́ kó má tutù." Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó padà sí kíṣìnnì.

Kí ló ń rín ẹ̀rín sí?

Búrẹ́dì funfun, nínú ilé yìí! Ilé tí kùkúmbà ti gba ipò ẹran. Ilé tí wọ́n ti ń se ọ́ọ̀tì fún mi láràárọ̀, tí kò ní iyọ̀, tí kò ní mílíìkì, tí kò ní àánú. Mo bú ọ́ọ̀tì yẹn títí ẹnu fi bó mi. Mo ní èmi kì í ṣe ẹṣin. Ó yẹ kí inú mi máa dùn báyìí, kí n ti ki ọwọ́ bọ àwo… Àmọ́ ara ń fu mí. Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú.

Àbí ọ́ọ̀tì ló tán? Kò tán. Mo rí páálí ẹ̀ nínú garawa ìdọ̀tí, ó ṣì ku bí ìdajì. Obìnrin tó máa ń da omi sínú ike ọṣẹ kó lè mì ín jáde títí dórí ìfófòó tó kẹ́yìn, òun ló da ìdajì páálí oúnjẹ nù.

Ibi tí mo sì jókòó sí yìí náà ńkọ́? Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo ti ń jẹun. Tẹ́lẹ̀, ìyẹn nìkan tó ìjà ọ̀sẹ̀ kan. "Bàbá wọn, òróró ló máa bá ṣòkòtò oníṣòkòtò lọ o! Ṣé abẹ́rẹ́ lẹ fẹ́ gbé mì ni?" Lónìí, òun fúnra rẹ̀ ló ká aṣọ àwọn oníbàárà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ṣa abẹ́rẹ́ kúrò, tó fi àyè sílẹ̀ fún àwo. Kò tilẹ̀ pòṣé.

Mo mọ irú ìdákẹ́jẹ́ yìí. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ránṣọ. Oníbàárà tó ń pariwo pé apá gùn jù, pé ìbàdí fún jù, ẹ má bẹ̀rù ẹ̀, yóò padà wá. Ṣùgbọ́n èyí tó bá wo ara ẹ̀ nínú dígí, tó ní "ó dáa, ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀"… ẹ má retí ẹ̀ mọ́.

Níbo ló ti bẹ̀rẹ̀? Ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ni. Dókítà yẹn ọmọ dáadáa ni, ó tẹ̀ mí níkùn jẹ́jẹ́, ó wo bébà tí wọ́n gbé fún un, ó tún un wò. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó síta díẹ̀. Mo fẹ́ bá Màmá sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ yín." Oúnjẹ ni o. Mo gbọ́ ọ ketekete. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì, mo ń bínú. Mo ní wọ́n máa gba kùkúmbà náà lọ́wọ́ mi báyìí, omi ló máa kù. Wọ́n pẹ́ nínú yàrá dókítà. Nígbà tí ìyàwó mi jáde, ó ń tún gèlè rẹ̀ wé, gèlè tí kò tú.

"Kí ló wí?"

"Kò sí nǹkan kan. Ó ní kẹ́ ẹ máa jẹ ohun tó bá wù yín."

Mo fò sókè lójú títì bí ọmọdé! Mo ní dókítà gidi rèé, Ọlọ́run á bá mi dá a sí. Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú títí a fi délé — ẹni tó máa ń ní mò ń wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀, tó máa ń lọ síwájú.

Ẹ jẹ́ kí n rò ó dáadáa. Bí oúnjẹ bá ń pa mí lára, ó yẹ kí wọ́n le mọ́ mi sí i. Bí ara mi bá yá… bí ara mi bá yá, kí ló dé tó di ọwọ́ mi mú bẹ́ẹ̀? Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ọmọ mi obìnrin náà. Ẹlẹ́nu ṣóńṣó. "Dádì, ẹ gbé bọ́dì, ẹ máa sáré díẹ̀, ikùn yìí ti pọ̀ jù!" "Dádì, tẹ́ ẹ bá tún bu iyọ̀ yẹn, ẹ máa jàpá láìdágbére o!" Jàpá! Ọ̀rọ̀ tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí fi ń pe kéèyàn sá kúrò nílùú, òun ló fi ń bá bàbá rẹ̀ ṣeré ikú. Mo máa ń bú u, mo máa ń wọnú yàrá lọ rẹ́rìn-ín. Ní báyìí ńkọ́? "Ẹ káàárọ̀, sà. Ṣé ẹ sùn dáadáa, sà?" Orúnkún méjèèjì nílẹ̀. Ta ló ń bá wí?

Níjẹta, mo mọ̀ọ́mọ̀ ju ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ nídìí oúnjẹ. Mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí n jàpá ni, tẹ́ ẹ fi ń da ṣúgà bò mí?" Mo wá ń retí ẹ̀rín. Bí mo bá sọ irú ọ̀rọ̀ wọn báyẹn, ṣe lọmọ yìí máa ń rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. Ó rọra gbé ṣíbí kalẹ̀. Ó dìde. Ojú rẹ̀ pọ́n nígbà tó padà. "Ata ló kó sí mi lójú, sà."

Ata wo? Búrẹ́dì la ń jẹ.

Rárá, mò ń ro ìròkurò. Ẹ̀rù lásán ni… Ó dáa. Mo máa dán an wò báyìí. Mo pariwo: "Iyọ̀ dà!" Ẹyin tó ti níyọ̀ o. Mo mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Ìyàwó mi á bú jáde láti kíṣìnnì, pẹ̀lú ohùn tí aládùúgbò kẹta ń gbọ́, ọ̀rọ̀ kan náà tó máa ń sọ: "Ṣé ẹ fẹ́ sọ mí di opó ni?"

Ó ń bọ̀. Mò ń gbọ́ sálúbàtà rẹ̀. Ó gbé iyọ̀ síwájú mi, odidi ọ̀rá. Ó jókòó tì mí.

Mo bu ṣíbí kan. Mo dà á sórí ẹyin. Ojú rẹ̀ wà lára ọwọ́ mi. Mo tún bù. Ẹnu rẹ̀ mì díẹ̀… Sọ ọ́. Jọ̀ọ́, ìyàwó mi, sọ ọ́. Bú mi. Gba ṣíbí yìí lọ́wọ́ mi, kí aládùúgbò gbọ́.

Kò sọ ọ́. Kò lè sọ ọ́ mọ́.

Mo máa kú. Ó ti mọ̀ láti ọjọ́ yẹn, òun ló sì ń dá a gbé kiri inú ilé yìí, tó ń fi ẹ̀rín bò ó, tó ń din ẹyin. Ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ̀rù tiẹ̀ ń bà mí nítorí tirẹ̀ ju nítorí tèmi lọ. Bí mo bá fi oúnjẹ yìí sílẹ̀, yóò mọ̀ pé mo ti mọ̀.

Mo fi sẹ́nu. Ó korò bí ewúro. "Ó dùn," mo ní. Mo gbé e mì, mo sì tún bu òmíràn.