Bọ́ọ̀sì Ìdájí Tí Kò Ní Èrò

"Èrò dà?"

Ìbéèrè tó ṣíde àlá tí mo lá ní ìdájí òní nìyẹn, ẹ̀yin ará ilé mi. Alága ìgbìmọ̀ ọkọ̀ ló bèèrè. Ọ́fíìsì rẹ̀ léfòó sókè ibùdókọ̀ àdúgbò wa bí ìkùukùu, mo sì fi àkàbà gùn ún lọ. Ìwé àyẹ̀wò mi wà lọ́wọ́ mi: ṣé bọ́ọ̀sì ìdájí tó ń gbé wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá lè tọ́jọ́, àbí kí wọ́n mú un kúrò lójú ọ̀nà?

"Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń ka orí èrò níbùdókọ̀ láti ojú fèrèsé mi, sà, kí n tó padà sùn," ni mo wí. "Mi ò rí ẹyọ kan."

"Ó parí náà nìyẹn," ni alága wí, ìwo sì yọ lórí rẹ̀. Kó tó gba ìwé náà tán, ó ti di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu. Mo kàn bẹ̀ ẹ́ pé kó má jẹ ojú ìwé kejì, torí ibẹ̀ ni mo ṣírò epo àti táyà sí. Ibẹ̀ gan-an ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ilẹ̀ ọ́fíìsì bá di ilẹ̀ bọ́ọ̀sì, ó ń sáré láìsí awakọ̀. Òkúta kan jókòó níwájú, kẹ́ẹ̀gì òfìfo tẹ̀ lé e, sílípáàsì ẹsẹ̀ kan wà lẹ́yìn wọn.

"Bùọ̀dá, ẹ sún, ẹ ń fún mi," ni òkúta wí.

Mo ní kó má bínú. Mo bi í bóyá èrò ni òun náà.

"Yunifásítì tí wọ́n lọ náà nìyẹn," ni sílípáàsì sọ fún kẹ́ẹ̀gì.

Mo kọ òdo fún iye èrò. Bọ́ọ̀sì náà rọra ń sunkún. "Táyà mi ṣì le. Mi ò kì í mu epo jù. Kí ni mo wá ṣe?" Òbúkọ fi pátákò lu òntẹ̀ síwèé, mo sì jí.

Mo ṣí fèrèsé. Kò sẹ́ni kankan níbùdókọ̀. Ní òdìkejì títì, Ìyá Mọrẹ́nikẹ́jì, tí ọkọ rẹ̀ ti wà nílé ìwòsàn láti oṣù tó kọjá, ń po ògì tó fẹ́ gbé lọ fún un.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ ò tíì lọ tò fún bọ́ọ̀sì?"

"Mo ti tò," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Sílípáàsì mi ló dúró fún mi, èmi ni kẹta, lẹ́yìn kẹ́ẹ̀gì Bàbá Akínlàjà."

Mo tún ibùdókọ̀ wò. Òkúta, kẹ́ẹ̀gì, sílípáàsì, agbọ̀n, àpótí, òkúta mìíràn: wọ́n tò tẹ̀léra wọn títí dé abẹ́ fèrèsé mi.