Ẹsẹ̀ Olóríkèé Mẹ́rin

Bàbá Ọlọ́gbà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ fún Ìyá Eléwé, lọ́jọ́ tó gbé kọ́kọ́rọ́ ilé kòkòrò lé e lọ́wọ́, tó ń lọ fẹ̀yìn tì nílé ọmọ rẹ̀. Ó nawọ́ sí ẹ̀ka gbígbẹ kan nínú àpótí onígíláàsì, ó ní kí ó bá òun mú un jù sóde. Bí Ìyá Eléwé ṣe fẹ́ mú un, ẹ̀ka náà gbé ẹsẹ̀ mẹ́fà, ó rìn lọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Ajọgi nìyẹn," ó ní. "Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, á máa mì bí ewé. Bí o bá fọwọ́ kàn án, á kú fún ọ, á sì jí nígbà tó o bá yísẹ̀ padà. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá gé nígbà tó ṣì ń dàgbà, òmíràn á hù nígbà tó bá bọ́ awọ. Ṣùgbọ́n fi èyí sọ́kàn: àtẹ́lẹsẹ̀ àbínibí ní oríkèé márùn-ún. Èyí tó tún hù, mẹ́rin péré ni."

Ọdún kọkànlá rèé tí Ìyá Eléwé ti ń já ewé gúáfà láràárọ̀ fún àwọn ajọgi. Ó mọ̀ wọ́n ju bó ṣe mọ àwọn ará ilé rẹ̀ lọ. Abo wọn a máa sanra, kò sì ní lè fò. Akọ a rí tẹ́ẹ́rẹ́, á ní ìyẹ́, bí ẹni pé ìran ọ̀tọ̀ ni. Ó ti rí abo tí kò rí akọ rí tó yé ẹyin, tí ẹyin náà sì pa, tí gbogbo ọmọ tó jáde jẹ́ abo. Bí wọ́n bá sì bọ́ awọ tán, wọ́n á jẹ awọ náà tán, wọn kì í fi nǹkan ṣòfò.

Ẹni tí kò mọ ìdajì èyí ni ọ̀gá wọn, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Ọ̀jọ̀gbọ́n. Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan tó fún un lórúkọ yẹn. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ láti yàrá dé yàrá lọ́jọ́ tó gba iṣẹ́, tó ń sọ fún wọn pé bẹ́ẹ̀ ni kí wọ́n máa pe òun. Ọmọ ọdún méjìdínlógójì ni, àkọ́bí Ìyá Eléwé sì jù ú lọ, síbẹ̀ "ìwọ" ló ń pe ìyá náà, á tún máa ta ìka sí i bí ẹni ń pe ajá.

Lọ́dún tó dé, ó rí ẹyin ajọgi nílẹ̀ àpótí, ó ṣe roboto, ó dúdú, ó ní ìdérí kékeré lórí. Ó ní hóró èso ni. Ìyá Eléwé ní ẹyin ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní, "Ṣé mo bi ọ́?" Ó kó méjìlá sínú àpòòwé, ó fi ránṣẹ́ sí àwọn onímọ̀ igi, pé kí wọ́n bá òun wá irú igi tó so ó. Àpòòwé náà wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mẹ́ta. Nígbà tí wọ́n ṣí i, ọmọ kòkòrò mẹ́jọ ló rìn jáde sórí tábìlì. Wọ́n dá wọn padà pẹ̀lú lẹ́tà onílà kan: "Èso yín ti ń rìn." Ọ̀jọ̀gbọ́n ní iṣẹ́ ọ̀tá ni.

Lára ògiri ọ́fíìsì rẹ̀, ó lẹ ìwé fífẹ̀ kan. Orúkọ ẹgbẹ́ ńlá tí gbogbo ajọgi wà nínú rẹ̀ ló wà lókè. Ìlà sọ̀ kalẹ̀ láti ibẹ̀ sí ìdílé kọ̀ọ̀kan, àwọn tó jọ igi níhìn-ín, àwọn ìbátan wọn tó jọ ewé lọ́hùn-ún, láti ìdílé sí ẹ̀yà, láti ẹ̀yà sí irú. Nísàlẹ̀ pátápátá, ó ya àpótí kékeré kan tó ṣófo. Ọdún mẹ́ta ni àpótí yẹn fi ń retí kòkòrò tí yóò jẹ́ orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n.

Ó wá rí i. Ajọgi kan nínú àpótí kẹta ní oríkèé mẹ́rin lẹ́sẹ̀ iwájú. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó fò sókè, ó kéde pé irú tuntun ni, ó sì fi bírò pupa kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú àpótí òfìfo orí ìwé ògiri náà kí ẹnikẹ́ni tó dá a lóhùn.

Nǹkan kan ṣoṣo ni Ìyá Eléwé ń wá lọ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ló kọ́ ìwé kíkà, ohun àkọ́kọ́ tó sì dá kà láìsí olùrànlọ́wọ́ ni ìwé ńlá ẹnu géètì, níbi tí ẹ̀ṣọ́ ti ń kọ orúkọ rẹ̀ láràárọ̀. "Àlejò" ni wọ́n ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, láti ọjọ́ kìn-ín-ní. Òṣìṣẹ́ ojúmọ́ ni, kò ní lẹ́tà. Bí Ọ̀jọ̀gbọ́n bá buwọ́ lu lẹ́tà kan, yóò di òṣìṣẹ́ ilé náà títí ọjọ́ tó máa fẹ̀yìn tì. Lẹ́tà náà ti wà lórí tábìlì láti ọdún méjì, orí rẹ̀ ni ọ̀gá ń gbé ife tíì lé.

Láàárọ̀ Ọjọ́rú, Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife náà kúrò.

"Ìyá Eléwé, wá níbí. O rí lẹ́tà yìí? Òní ni mo fẹ́ buwọ́ lù ú."

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá."

"Dúró ná. Alábẹ̀wò ń bọ̀ láti olú ilé iṣẹ́ ní aago mọ́kànlá. Ó fẹ́ kí ẹni tó ń bọ́ kòkòrò jẹ́rìí sí nǹkan kékeré kan." Ó ti ìwé kan sí i. "Àbí kí n kà á fún ọ?"

"Mo lè kà á."

"Ẹn-ẹn. Mo gbàgbé pé àwa méjèèjì ti di ọ̀mọ̀wé."

Ìyá Eléwé rọra kà á. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé òun jẹ́rìí pé ajọgi inú àpótí kẹta kò pàdánù ẹsẹ̀ kankan rí.

"Ọ̀gá, ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú gé. Ẹ̀yin lẹ ti ilẹ̀kùn àpótí mọ́ ọn, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ń pariwo sínú fóònù. Mo kọ ọ́ sínú ìwé tí mo ń kọ oúnjẹ wọn sí. Èyí tó tún hù lẹ kà."

"Ta ló sọ fún ọ pé oríkèé rẹ̀ máa ń dín?"

"Bàbá Ọlọ́gbà."

"Ẹni tó ń gé koríko." Ó pòṣé. "Ẹ wo ẹni tí mò ń bá jiyàn. Buwọ́ lu tèmi, kí n buwọ́ lu tìrẹ. Àbí o fẹ́ máa jẹ́ àlejò lọ ní ẹnu géètì?"

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ìyá Eléwé lára. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí pé òun ti ka ohun tí ẹ̀ṣọ́ ń kọ. Ọkùnrin yìí sì mọ̀, ó mọ̀ láti ọdún méjèèjì yìí wá, ó ń mu tíì lé e lórí. Ìyá Eléwé mú bírò, ó wò ó, ó fi í sílẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún wọn lóúnjẹ," ó ní.

Alábẹ̀wò dé ní aago mọ́kànlá géérégé, obìnrin olórí ewú kan tó gbé báàgì aláwọ lọ́wọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ́ àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà síwájú obìnrin náà: ajọgi náà rèé, ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì rèé, oríkèé mẹ́rin lọ́tùn-ún, mẹ́rin lósì, ó dọ́gba bí aṣọ tí wọ́n lọ̀.

"Ta ló ń bọ́ wọn?" ni obìnrin náà béèrè.

"Eléwé kan báyìí. Kò mọ nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti ṣe tán láti buwọ́ lù ú."

Ìyá Eléwé wà nínú yàrá náà, ewé gúáfà lọ́wọ́ rẹ̀. Alábẹ̀wò yíjú sí i.

"Ẹ káàárọ̀, Mà. Ǹjẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti gé rí?"

Ọ̀jọ̀gbọ́n rọra gbé ọwọ́ lé lẹ́tà orí tábìlì. Ìyá Eléwé rí ọwọ́ náà. Ó rí àmì ìdí ife mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ti gbẹ sára ìwé náà.

"Ó gé, Mà," ó ní. Ó mú ìwé rẹ̀ jáde nínú àpò, ó ṣí i síbi tó yẹ: Ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Abo kékeré, àpótí kẹta. Ọ̀jọ̀gbọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún iwájú, ó gé. Ó ṣì ń jẹun.

Alábẹ̀wò kà á tán, ó fi awò tó ń sọ nǹkan kékeré di ńlá lé Ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́wọ́. Ajọgi náà ti na ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì pọ̀ síwájú orí bí igi kan ṣoṣo. Ìyá Eléwé fi etí ewé kàn án, ẹsẹ̀ náà sì yà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

"Ẹ bá mi ka ti òsì sókè," ni alábẹ̀wò wí.

"Ọ̀kan," ni Ọ̀jọ̀gbọ́n wí. "Méjì. Mẹ́ta. Mẹ́rin." Ó gbé awò náà kúrò lójú.

"Ẹ máa bá a lọ."

Ó tún gbé e sójú. "Ó ku ẹyọ kan."

"Báwo lẹ ṣe wá ya mẹ́rin síbí?"

"Mo kàn yí àwòrán ti ọ̀tún padà fún òsì ni. Ẹranko tí apá rẹ̀ méjèèjì dọ́gba, kí ni mo tún fẹ́ ka ti òsì fún?"

Alábẹ̀wò wò ó bí ẹni tó rí ẹrẹ̀ létí aṣọ rẹ̀. Ó fi fóònù ya ojú ìwé oúnjẹ náà, ó ní kí Ìyá Eléwé kọ orúkọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó dúró dè é títí tó fi kọ ọ́ tán, ó kí i, ó sì lọ.

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ife tíì padà sórí lẹ́tà.

"Má wá lọ́la," ó ní.

"Gúáfà ni wọ́n ń jẹ," ni Ìyá Eléwé dáhùn, ó gbé kọ́kọ́rọ́ kalẹ̀. "Ẹyin wà nílẹ̀ àpótí kejì. Ẹ má fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn onígi."

Ní ẹnu géètì, ó gba bírò lọ́wọ́ ẹ̀ṣọ́, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ aago tó jáde.

"Ó yá jù lónìí," ni ẹ̀ṣọ́ wí. "Ṣé kò sí nǹkan?"

"Àlejò ń lọ sílé ni."

Ẹ̀ṣọ́ rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ké sí i pé ọ̀la ńkọ́. Ìyá Eléwé ti kọjá sí òdìkejì títì, ìwé rẹ̀ lábẹ́ abíyá, kò sì wẹ̀yìn.