Ẹ́ńjìnnì Apọ́ngbọ̀n Tó Ní Gáráńtì

Ẹ̀rín Sùrájù ló kọ́kọ́ mú Yẹ̀kínì apẹja fura. Ọmọkùnrin náà dúró létí omi ní Ẹ̀bútè Èrò, ó fọwọ́ lé nǹkan kan tí wọ́n fi tápólì wé sórí ọmọlanke, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́.

"Bàbá, ẹ wá wo nǹkan."

"Ta ni bàbá ẹ? Mo ti fún ẹ níyàwó ni?"

Èsì tí Yẹ̀kínì máa ń fọ̀ fún un nìyẹn láti ọjọ́ tó ti ń tọ Ganiat, ọmọ rẹ̀, wá sílé. Orí ahọ́n lásán ló wà. Ọlọ́run ò fún un lọ́mọkùnrin, "Bàbá" yẹn sì máa ń dùn mọ́ ọn dénú, ṣùgbọ́n kò ní jẹ́wọ́ láéláé.

Sùrájù tú tápólì. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi ni, tuntun, tó ń dán gbinrin. Ó pẹ́ tí Yẹ̀kínì ti ń fẹ́ irú rẹ̀. Apá rẹ̀ ò gbé àjẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, àwọn tó ní ẹ́ńjìnnì sì ti ń kó ẹja bọ̀ nígbà tí òun ṣì ń fi àjẹ̀ wa ọkọ̀ lọ. Ó ti lọ béèrè iye rẹ̀ rí ní ilé ìtajà ńlá kan ní Màríńà. Ẹsẹ̀ kan náà tó fi wọlé ló fi jáde.

Sùrájù sọ iye tirẹ̀. Kò tó ìdajì ti Màríńà.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ní Apọ́ngbọ̀n ló ń tà á, Bàbá. Owó ló ń wá kíákíá."

"Gáráńtì ńkọ́?"

"Èmi ni gáráńtì ẹ̀. Tó bá bàjẹ́, èmi ni kẹ́ ẹ mú."

Ọ̀pọ̀lọ́ kì í sáré ọ̀sán lásán. Wọ́ọ̀fù ni Sùrájù ti ń ṣe akọ̀wé, ọdún tí ìjọba san àfikún owó oṣù tí wọ́n ń pè ní owó Udójì fún òṣìṣẹ́ la sì ń wí yìí, nígbà tí ọkọ̀ òkun tò lọ bí eèrà lẹ́nu omi Èkó, tí ẹrù ń fò fìrì láti wọ́ọ̀fù bọ́ sọ́jà láìsí ẹni tó rí ìyẹ́ rẹ̀. Gbogbo èyí ni Yẹ̀kínì rò. Ó rò ó tán, ó ra ẹ́ńjìnnì. Ẹ má dá a lẹ́bi jù. Ẹni tí èjìká ń ro kì í bá oògùn jiyàn.

Ṣùgbọ́n oògùn náà ò jẹ́ kó sùn. Jíbrílù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń pẹja, tún wá bu epo síná. Jíbrílù bẹ̀rẹ̀ wo ara ẹ́ńjìnnì, ó fi èékánná kan nọ́ńbà tí wọ́n lù sára irin rẹ̀.

"Ṣé o rí èyí? Nọ́ńbà yìí ni wọ́n máa fi mú ẹ. Ọlọ́pàá á kàn wò ó ni, wọ́n á ní ẹrù tó sọnù ní wọ́ọ̀fù rèé, ìwọ Yẹ̀kínì lo gbà á pa mọ́. Àgbà bíi tìẹ, nínú àtìmọ́lé!"

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe jẹ́ pé ní Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn, nígbà tí gbogbo agbo ilé wọn lọ kírun, Yẹ̀kínì tí kì í pa Jímọ̀ jẹ jókòó sínú ọkọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú fáìlì tó fi ń pọ́n àdá. Ó ha nọ́ńbà náà títí irin fi dán bọ̀rọ́. Ojú tì í bó ṣe ń ha á. Inú sì tún bí i sí Sùrájù tó sọ òun di ẹni tó ń ṣe bí olè nínú ọkọ̀ ara òun.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti sí ohun tí Sùrájù ṣe tí kò ní ìdí lójú Yẹ̀kínì. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó ń fi nǹkan pa mọ́. Bó bá dákẹ́, ẹ̀rí ọkàn ló ń gún un. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní wọ́ọ̀fù fi owó Udójì ra alùpùpù, wọ́n fi ra fíríìjì. Sùrájù nìkan ni kò ra ohunkóhun. Níbo ló kó tirẹ̀ sí? Ó dájú pé ó ní ọ̀nà míì tó ń gbà rówó. Nígbà tí àwọn ará ilé Sùrájù wá béèrè ọjọ́ yìgì, Yẹ̀kínì ní kí òjò rọ̀ tán ná. Òjò rọ̀ tán, ó ní kí ààwẹ̀ kọjá. Ganiat ò bá bàbá rẹ̀ ṣàwàdà mọ́.

Ọjọ́ kan, ẹ́ńjìnnì kú láàárín ọ̀sà, kò sì jí mọ́. Àjẹ̀ ni Yẹ̀kínì fi wa ọkọ̀ délé, ó sì ránṣẹ́ pe Sùrájù pẹ̀lú ìbínú.

"Ẹrù Apọ́ngbọ̀n rẹ ti kú o."

"Ẹ má fòyà, Bàbá. Gáráńtì ẹ̀ ò tíì tán. Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí Màríńà."

Màríńà kẹ̀? Ẹrù wọ́ọ̀fù, ní Màríńà? Yẹ̀kínì mọ̀ pé nọ́ńbà ò sí níbẹ̀ mọ́, ó yẹ kó sọ. Kò sọ. Ó fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí bí irọ́ ọmọkùnrin yìí ṣe máa tú. Bó bá tú, Ganiat náà á gbọ́, ọ̀rọ̀ yìgì á sì parí síbẹ̀.

Bí wọ́n ṣe wọlé ni akọ̀wé tó wà nídìí káńtà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọ̀gbẹ́ni Sùrájù! Ẹ káàbọ̀. Bàbá ìyàwó yín ńkọ́? Ṣé wọ́n gbà á? Wọn ò fura?"

Sùrájù ń ṣẹ́jú sí i kó dákẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti jáde. Yẹ̀kínì rántí aṣọ tí Sùrájù gbé wá lọ́dún tó kọjá, tí òun dá padà lójú gbogbo agbo ilé: "N kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ọkọ kí wọ́n tó so yìgì. Wọn ò ní sọ pé mo ta ọmọ mi jẹ." Ó rántí owó Udójì tí kò di alùpùpù.

Akọ̀wé tú tápólì láti wo nọ́ńbà. Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀.

"Èyí kọ́ la tà fún yín. Ẹrù olè ni wọ́n ń ha nọ́ńbà ẹ̀ báyìí." Ó juwọ́ sí mègáàdì, ìyẹn sì lọ dí ẹnu ọ̀nà.

"Ibí ni mo ti rà á, ẹ̀yin lẹ tà á fún mi!" Sùrájù fi àtàńpàkò ra ojú irin bọ̀rọ́ náà. Ó yíjú pa dà. "Bàbá, ẹ bá mi sọ fún wọn. Ọwọ́ yín ló wà láti ọjọ́ yẹn."

Bí Yẹ̀kínì bá dákẹ́, Sùrájù ni wọ́n máa mú. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì sún mọ́ káńtà.

"Èmi ni mo ha á."

"Kí ló dé, Bàbá?" Akọ̀wé ló béèrè.

Sùrájù ló bá Yẹ̀kínì dáhùn, jẹ́jẹ́, láìbínú.

"Wọ́n rò pé mo jí i ni."

"Ìwọ lo ní Apọ́ngbọ̀n…" Yẹ̀kínì ní.

"Ṣé ẹ̀ bá gbà á, ká ní mo sọ pé mo fi ta yín lọ́rẹ ni?"

Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀, ṣùgbọ́n gáráńtì kú síbẹ̀, torí kò sí nọ́ńbà tí wọ́n máa fi tún un ṣe. Sùrájù ló ti ọmọlanke gba Ìdúmọ̀tà dé Ẹ̀bútè Èrò. Kò jẹ́ kí Yẹ̀kínì fọwọ́ kàn án. Òun náà ló gbé ẹ́ńjìnnì sínú ọkọ̀, tó fi okùn dè é dáadáa.

"Sùrájù," Yẹ̀kínì ní, "sọ fún àwọn ará ilé yín kí wọ́n wá. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ la máa so yìgì."

Sùrájù dọ̀bálẹ̀ lórí iyanrìn, gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń ṣe.

"Màá bá wọn sọ ọ́. Ẹ ṣé o, Alàgbà."

Ó gbọn iyanrìn lára, ó sì ń lọ. Ganiat gbé omi tútù jáde fún un láti inú ilé, kò bá a mọ́. Yẹ̀kínì ṣì dúró létí omi, ó ń retí kó yíjú pa dà, kó pe òun ní Bàbá lẹ́ẹ̀kan péré. Òun ò ní béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́ pé ta ni bàbá ẹ̀.