Mímì Orí Ẹ̀gbọ́n

Ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ni ẹgbẹ́ olórin wa ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, òun náà ló sì ni èrò pé kí a dá ẹgbẹ́ sílẹ̀. Bí ó bá ti di ìrọ̀lẹ́, tí àwọn oníbàárà ti lọ, a ó gbá ìyẹ̀fun pákó kúrò nílẹ̀, a ó ti àwọn àga tí ọ̀dà wọn kò tíì gbẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, a ó sì to ohun èlò orin sí àárín. Àwọn pákó tó fara ti ògiri máa ń gba ariwo mọ́ra, nítorí náà kò sí aládùúgbò tó fi ẹjọ́ wa sùn, àfi obìnrin aránṣọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Ó ní láti ìgbà tí òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin wa, kò sí aṣọ kan tí òun rán tó gún régé mọ́.

Mẹ́rin ni wá. Ẹ̀gbọ́n ń ta béèsì, ìyẹn gìtá olókùn nínípọn tó máa ń sọ̀rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Wẹ́dà kan ló ń lu ìlù fún wa. Pẹ̀lẹ́ là ń pè é, nítorí pé ohun gbogbo ló mọ̀ láyé àfi pẹ̀lẹ́. Ẹni kẹta ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Tíṣà ni tilé-toko ń pè é, òun ló sì ń ta gìtá kejì. Èmi ni ẹni kẹrin. Inú ìwé orin ìjọ ni mo ti kọ́ dùùrù, ilé ìjọsìn nìkan ni mo sì ti ń tẹ̀ ẹ́, títí Ẹ̀gbọ́n fi wá bá mi lọ́jọ́ kan tó ní, "Àbúrò, orin ìjọ dára, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n wá bá mi tẹ èyí tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ibi tí àmín rẹ̀ wà."

Orin rọ́ọ̀kì ni, àmọ́ kì í ṣe irú èyí tí èèyàn ń jó sí. Orin wa ń rìn ni. Á bẹ̀rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń wọ ilé onílé, á gun òkè, á yà, á gbé ohùn mìíràn wọ̀, ìgbà tó o bá sì rò pé ó ti dé ilé ni yóò tún mú ọ̀nà pọ̀n. Ìlù rẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin tí gbogbo ayé mọ̀. Méje ni Tíṣà fẹ́ràn. Pẹ̀lẹ́ ní ìlù méje dà bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kúrú: ó ń dúró, ṣùgbọ́n ọkàn ẹni tó jókòó lé e kò ní í balẹ̀.

Ọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde, ó gbọ́ orin wa gígùn, ó sì ní kí a gé e kù kó lè wọ rédíò. Ẹ̀gbọ́n bi í léèrè pé bí òun bá kan ibùsùn fún un, ṣé kí òun gé e dé orúnkún rẹ̀. Ọkùnrin náà ò padà wá mọ́. Láti ọjọ́ náà la ti mọ̀ pé ọwọ́ ara wa la ó fi tún ìwà ara wa ṣe. Àwa là ń kan àpótí tí à ń kó ohun èlò sí, àwa là ń ya àwòrán tí à ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àwa là ń gbé ara wa lọ síbi tí wọ́n bá pè wá sí, kódà bí àga tó wà níbẹ̀ bá pọ̀ ju èèyàn lọ.

Ohun kan wà tó jẹ́ pé àwa nìkan là ń ṣe é. A kì í ka iye ìgbà. Orin wa pín sí apá-apá bí ilé oníyàrá púpọ̀, apá kọ̀ọ̀kan á sì máa yí po títí Ẹ̀gbọ́n yóò fi mi orí. Bí ó bá ti mi orí lẹ́ẹ̀kan báyìí, tí àgbọ̀n rẹ̀ kan àyà, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á jọ wọ yàrá kejì lẹ́ẹ̀kan náà. Ó lè pẹ́ kó tó mì í, ó sì lè má pẹ́. Ìdí nìyẹn tí ojú wa kì í fi í kúrò lára rẹ̀. Tíṣà bá a jiyàn níbẹ̀rẹ̀, ó ní ohun tó ṣeé kà, kí a kà á. Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn pé ẹni tó bá ń ka èémí ara rẹ̀ kò ní í rí oorun sùn. Ìgbà tó yá, Tíṣà fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún mi pé inú òun máa ń dùn níbi tí nọ́ńbà ti dákẹ́, tí òun kàn ń wo ojú Ẹ̀gbọ́n bí ọmọ tó ń wo ojú ìyá rẹ̀.

Bí ọdún ti ń gorí ọdún, orin wa bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ẹ̀gbọ́n á mi orí níbi tí a kò retí. Ìgbà àkọ́kọ́, inú gbọ̀ngàn kan la wà, ojú èèyàn pé. Apá jẹ́jẹ́ kan la ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ nígbà tí orí rẹ̀ mì. A wọ yàrá kejì ní wọ́ọ́wọ́, bí àwọn tí wọ́n tì gba ẹnu ọ̀nà, ẹnì kan níwájú, ẹnì kan lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n orin náà dúró. Ó tiẹ̀ dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn èèyàn sì dìde lórí ìjókòó. Bí a ti ń kó ẹrù, Pẹ̀lẹ́ ní ọ̀gá ti ń gbọ́ ohun tí etí tiwa ò tíì tó gbọ́. Tíṣà lọ ilé, ó jókòó ti bébà, ó sì wá ìṣirò tó fi ìdí ohun tó ṣẹlẹ̀ múlẹ̀. Èmi dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń fi ọgbọ́n tuntun kún ti àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n kàn rẹ́rìn-ín, mo sì pe ẹ̀rín rẹ̀ ní ìrẹ̀lẹ̀.

Mímì náà ń pọ̀ sí i, àwa náà ń tẹ̀ lé e. Àwọn tó ń gbọ́ wa ń sọ pé àwa nìkan là ń ṣe irú orin bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ.

Ìyàwó Ẹ̀gbọ́n ló kọ́kọ́ rí ohun tó wà níbẹ̀. Ó wá bá mi níbi tí mo ti ń nu dùùrù ìjọ. Kò jókòó. Mo bi í bóyá ilé ò sí wàhálà, ó ní kò sí, lẹ́yìn náà ló tó sọ ohun tó gbé e wá.

"Àǹtí, ọkọ mi ń mi orí nídìí oúnjẹ. Ó ń mì í bó bá ń ka ìwé, ó ń mì í bó bá ń wo ojú fèrèsé. Orin wo ló ń gbọ́ níbẹ̀?"

Àkísà ìnu dùùrù wà lọ́wọ́ mi, mo kàn ń nu ojú kan náà.

A mú Ẹ̀gbọ́n lọ sọ́dọ̀ dókítà, dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ní àìsàn kan ni tó ń bá ọpọlọ jà, tó máa ń mú ara gbọ̀n fúnra rẹ̀. Ó ní oògùn lè fà á sẹ́yìn, kò lè lé e lọ. Orí ló ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ lè tẹ̀ lé e bó bá yá. Ẹ̀gbọ́n gbọ́ ọ tán, ó wá béèrè báwo ni òun á ṣe mọ èyí tó jẹ́ ti òun nínú mímì náà. Dókítà rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín nínú wa.

A gbìyànjú. A ka orin náà bí Tíṣà ti fẹ́ níjọ́un, ó sì dà bí ìgbà tí àwọn ọmọ ń ka ìsodipúpọ̀. Tíṣà fúnra rẹ̀ ló ní kí a dákẹ́. Wọ́n ní kí èmi máa mi orí dípò rẹ̀. Mo mì í, ṣùgbọ́n bí mo ti ń mì í, ojú àwọn yòókù ń lọ sọ́dọ̀ Ẹ̀gbọ́n láti wò bóyá ó fọwọ́ sí i. Pẹ̀lẹ́ jó irin pọ̀, ó fi ṣe àtẹ̀sẹ̀ kan tó ń tan gílóòbù, pé kí ọ̀gá máa fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bí àkókò bá tó. Iṣẹ́ tó mọ́ ni, ó tiẹ̀ kùn ún. Ẹ̀gbọ́n dán an wò títí, ó sì ní orí òun ti máa ń mì kí òun tó mọ̀ pé àkókò tó, ṣùgbọ́n kí òun tó rántí ẹsẹ̀, orin ti kọjá. Pẹ̀lẹ́ ní kò burú, òun á gbé e sí iwájú ilé òun kí àwọn àlejò máa tẹ̀ ẹ́.

Mo gbàdúrà. A máa ń gbọ́ nínú ìwàásù nípa àgbàlagbà kan tó na ọwọ́ sókè lórí òkè kí àwọn èèyàn rẹ̀ lè ṣẹ́gun. Nígbà tí ọwọ́ náà wúwo, àwọn méjì dúró tì í, wọ́n gbé e ró títí oòrùn fi wọ̀. Mo ti rò ó lọ, rò ó bọ̀. Ọwọ́ ló ṣeé gbé ró bẹ́ẹ̀. Ta ló fẹ́ di orí ọmọlúàbí mú?

Ìka Ẹ̀gbọ́n ṣì le lórí okùn, ìyẹn ló ń tù wá nínú. Ẹnì kan tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ ní ilé-iṣẹ́ rédíò, tó fẹ́ràn orin wa, ní kí a wá lo yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí àyè ṣí sílẹ̀. A kò tíì gba orin gígùn náà sílẹ̀ rí, nítorí ọdọọdún ló ń dàgbà. Nísinsìnyí, bí a kò bá gbà á nígbà tí ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ṣì wà nínú rẹ̀, a mọ̀ pé a kò ní í gbà á mọ́.

Yàrá náà kéré, kápẹ́ẹ̀tì wà lára ògiri rẹ̀. Ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà jókòó lẹ́yìn gíláàsì. A ti to nǹkan tán, a ti yí ojú sí Ẹ̀gbọ́n gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa, nígbà tó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ kọ ẹ̀yìn sí mi," ó ní. "Tí ẹ bá ń wò mí, èmi náà á máa wo ara mi."

Pẹ̀lẹ́ ní, "Ọ̀gá, ṣé ẹ̀yìn mi wá sàn ju ojú mi lọ ni?"

"Ẹ̀yìn rẹ kì í sọ̀rọ̀," Ẹ̀gbọ́n dá a lóhùn.

A rẹ́rìn-ín, a sì yí ìjókòó padà. Àdéhùn wa ni pé etí la ó fi tẹ̀ lé e: bí béèsì bá ti wọ yàrá kejì, kí a bá a wọlé.

Ó kọ́kọ́ lọ dáadáa. Béèsì yí padà, àwa náà yí padà, a pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n a dé. A wá dé àárín orin, apá oníméje tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù, níbi tí dùùrù àti béèsì ti máa ń bi ara wọn ní ìbéèrè. A yí i po. Mo ń retí pé kí béèsì jáde. Kò jáde. Tíṣà wò mí, èmi náà wò ó, kò sẹ́ni tó wẹ̀yìn. A tún yí i po, a tún yí i po, orin náà ń dùn, kò sì lọ síbì kankan. Lẹ́yìn gíláàsì, ọkùnrin ẹlẹ́rọ náà na àtàǹpàkò sókè sí wa.

Nígbà náà ló yé mi. Láti ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀, àfi nínú àwọn yàrá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n kò dá wọ yàrá kankan rí. Orí rẹ̀ ló máa ń mì, ọwọ́ rẹ̀ á sì dúró dè wá kí a lè jọ wọlé. Ìṣe náà ló padà sí: ó ti mi orí. Ó ń retí wa, àwa sì ń retí rẹ̀.

Mo yí ojú padà.

Orí rẹ̀ ń mì, kò dúró. Àgbọ̀n rẹ̀ ń kan àyà, ó ń gbéra, ó tún ń kàn án, ìka rẹ̀ sì ń lọ déédéé lórí okùn bí ẹni pé ara ẹlòmíràn ló wà. Ó ń wò mí. Ojú yẹn ni mo ti ń wò láti kékeré, kò sí ohun tó fẹ́ sọ fún mi rí tí mi ò mọ̀. Mo wò ó kí n rí èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú gbogbo mímì náà. Mo bẹ Ọlọ́run pé kó fi ẹyọ kan hàn mí. Ẹ̀gbọ́n ń mi orí, Pẹ̀lẹ́ ń lu méje lọ, ìka mi ò sì kúrò nínú yàrá tí a wà.