Ìbéèrè Aago Mẹ́rin

Inú tètè máa ń bí mi. Kò sẹ́ni tó mọ̀ mí tó máa jiyàn ẹ̀. Ìyàwó mi tó ti di olóògbé máa ń sọ pé orí mi gbóná ju omi inú kẹ́tù lọ, èmi náà á dá a lóhùn pé omi tí kò bá gbóná, ta ló fẹ́ fi po tíì?

Kọ́kọ́rọ́ ni mò ń ṣe. Ṣọ́ọ̀bù mi ò fẹ̀ ju ibi tí èèyàn mẹ́ta lè dúró sí láìtẹ ara wọn lẹ́sẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ tí a ò tíì gé kún ara ògiri láti òkè délẹ̀, ẹ̀rọ tí mo fi ń gé wọn wà lórí tábìlì, ẹ̀rún irin ò sì kúrò lábẹ́ èékánná mi láti ọdún méjìdínlógójì. Kọ́kọ́rọ́ tó bá kúrò lọ́dọ̀ mi, mo máa ń so ike pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn, nọ́ńbà ṣọ́ọ̀bù mi á wà lára ẹ̀. Wọ́n sì máa ń pè mí lọ sílé ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ bá sọnù, pé kí n wá bá a ṣílẹ̀kùn. Àmọ́ mi ò kì í ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni láìbi í ní ohun mẹ́ta: ilé ta nìyí, ta ló wà níbẹ̀, kí lẹ fẹ́ wọlé ṣe? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, kó máa wo ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan tó wọ bàtà dídán pè mí lọ́jọ́ kan, ó ní ilé òun ni. Mo ní àwọ̀ wo ni ògiri pálọ̀? Ó ń wò mí. Mo palẹ̀ irinṣẹ́ mi mọ́, mo bá tèmi lọ. Ó bú mi títí mo fi yà ní kọ̀rọ̀. Kò dùn mí rárá.

Ọmọ mi ọkùnrin ń gbé ìlú mìíràn, ìrìn wákàtí mẹ́fà sí ọ̀dọ̀ mi. Bọ́ọ̀sì ló ń wà. Nọ́ọ̀sì ni ìyàwó ẹ̀. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi ni mo sọ ọ́ ní Lọ́yà, torí pé ọmọ náà lè bá ògiri jiyàn kí ògiri ní òun ti gbà. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n kó lọ sílé tuntun, ọmọ mi mú kọ́kọ́rọ́ ilé náà wá kí n gé irú ẹ̀ fún wọn, wọ́n sì ra tábúlẹ́ẹ̀tì fún Lọ́yà. Owó kan wà tí baba ẹ̀ ń san lóṣooṣù, òun ni wọ́n fi ń wo fíìmù, tí wọ́n fi ń gbọ́ orin, tí wọ́n fi ń tọ́jú fọ́tò. Èèyàn mẹ́fà ló lè wà lórí ẹ̀, ẹgbẹ́ ẹbí ni wọ́n ń pè é. Ó fi èmi náà sí i. Tábúlẹ́ẹ̀tì ọmọ wà níbẹ̀, abẹ́ àṣẹ àgbà sì ló wà: bí ọmọ bá fẹ́ gba géèmù tuntun, ìbéèrè á jáde lórí fóònù àgbàlagbà kan, àgbàlagbà náà á tẹ Gbà tàbí Kọ̀.

"Bàbá," ọmọ mi sọ fún mi, "tí mo bá ń wakọ̀, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan fóònù. Ìyàwó mi náà, inú kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n ń ti fóònù wọn mọ́ tí wọ́n bá wà níṣẹ́. Ẹ̀yin lẹ jókòó sójú kan. Ẹ bá wa máa dá a lóhùn."

Èmi tí mo jókòó sójú kan. Ṣé ẹ rí bí ọmọ ṣe ń bá baba ẹ̀ sọ̀rọ̀? Àmọ́ mo gbà.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ wọlé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Àsìkò yẹn ni Lọ́yà máa ń dé láti iléèwé, ọ̀dọ̀ obìnrin aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé wọn ló sì máa ń wà títí ìyá ẹ̀ á fi dé. Géèmù ẹja ló fẹ́ gbà. Èmi kì í ṣílẹ̀kùn láìbéèrè, mo bá pè é lórí tábúlẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá wà nínú ẹgbẹ́ ẹbí nìkan ni tábúlẹ́ẹ̀tì yẹn ń gbà kó pè é, ọmọ náà ò sì lè fi pe ẹnikẹ́ni.

"Tábúlẹ́ẹ̀tì ta nìyẹn?"

"Tèmi ni, Bàbá àgbà."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Màmá aránṣọ. Wọ́n ń lọ aṣọ."

"Kí lo fẹ́ fi géèmù ẹja ṣe?"

Ó rò ó díẹ̀. "Ẹja ò kì í pariwo."

Ẹ̀rín pa mí, mo tẹ Gbà, mo ní ó dàbọ̀. Lọ́jọ́ kejì ó béèrè áàpù ìṣirò. Ta ló ń bá ọmọ jà lórí ìṣirò? Mo tẹ Gbà láìpè. Lọ́jọ́ kẹta, ó ní géèmù oníbọn lòun fẹ́. Ẹ gbà mí. Mo pè é, mo tẹ Kọ̀, ló bá gbé ẹjọ́ ka iwájú mi. Ó ní ìbọn náà ò dún, ó ní ẹni tí wọ́n bá yìn ín lù máa ń dìde padà. A jiyàn fún odindi ààbọ̀ wákàtí.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ọjọ́ tí kò ní wá ohun tí mo máa kọ̀. Ọkọ̀ tó ń sáré àsápajúdé. Ohun tó ń sọ ojú èèyàn di ojú ewúrẹ́. Ẹ̀rọ tó ń sunkún bí ọmọ ìkókó, Ọlọ́run nìkan ló mọ ohun tí wọ́n ń fi ṣe. Tí a bá ti bẹ̀rẹ̀ lórí ewúrẹ́, ọ̀rọ̀ á yà sọ́dọ̀ tíṣà tó ń ti imú sọ̀rọ̀, á yà sórí iléèwé tuntun níbi tí ẹnikẹ́ni kì í jókòó tì í nígbà ìsinmi, á yà sórí ìyá àgbà ẹ̀, ìyàwó mi, bó ṣe máa ń kọrin tó bá ń fọ abọ́ tí orin náà ò sì ní bá ohùn mu. Mo kọ́ ọ ní bí inú àgádágodo ṣe rí. Ó kọ́ mi ní bí wọ́n ṣe ń tan iná fóònù, nǹkan tí mo ti gbé lọ́wọ́ láti ọdún mélòó kan.

Ẹ jẹ́ n sọ òótọ́. Ọdún méjì nìyí tí ìyàwó mi ti lọ, ilé mi sì dákẹ́ débi pé mo máa ń gbọ́ fíríìjì. Aago mẹ́rin yẹn ni mò ń jí fún. Tó bá ti di aago mẹ́ta, ojú mi á ti wà lára aago ògiri. Mo máa ń pa ẹ̀rọ, oníbàárà tó bá dé á dúró. Mo máa ń sọ fún wọn pé mò ń dá ẹjọ́ lọ́wọ́.

Ẹ lè bi mí pé kí ló dé tí mi ò kàn máa ń pè é láìsí ìbéèrè. Pípè láìnídìí? Kí n máa wí kí ni? Ẹni tí kò ní nǹkan sọ kì í kanlẹ̀kùn onílẹ̀kùn. Bí mo ṣe rí nìyẹn, mi ò sì yìn ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, àtẹ̀jíṣẹ́ wọlé látọ̀dọ̀ àwọn tó ń gba owó oṣooṣù náà. Wọ́n ní ẹgbẹ́ ẹbí wà fún àwọn tó jọ ń gbé inú ilé kan ṣoṣo. Wọ́n kọ àdírẹ́sì ọmọ mi sísàlẹ̀, wọ́n ní ṣé inú ilé yìí lẹ̀ ń gbé? Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí Rárá.

Inú bí mi. Ta ni wọ́n tí wọ́n fi ń bi mí bóyá mo wà lára ẹbí ọmọ tí mo bí? Mo gbé fóònù sílẹ̀. Mo gé kọ́kọ́rọ́ méjì, mo bà wọ́n jẹ́ méjèèjì. Mo tún gbé e, mo kà á lẹ́ẹ̀kan sí i, ìgbà yẹn ló wá yé mi pé ìbéèrè tèmi gan-an ni wọ́n ń bi mí. Ilé ta nìyí? Mo rántí oníbàtà dídán. Láti ìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀, mi ò tíì fẹsẹ̀ kan ilé náà. Èmi alára ò mọ àwọ̀ ògiri pálọ̀ wọn.

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ máa bá a. Mo tẹ Rárá. Mo tiẹ̀ gbé àyà síwájú díẹ̀.

Kíá, gbogbo ẹ̀ pòórá. Orin lọ, fọ́tò lọ, àwòrán kékeré Lọ́yà tó máa ń wà lókè fóònù mi náà lọ. Mo gbìyànjú láti pè é. Fóònù ní mi ò lè pe ẹni yìí.

Ọmọ mi pè mí nírọ̀lẹ́. "Bàbá, kí lẹ tẹ̀?"

"Òótọ́ ni mo tẹ̀."

"Bàbá, gbogbo ayé ló ń tẹ Bẹ́ẹ̀ ni."

"Gbogbo ayé kọ́ ló ń ṣe kọ́kọ́rọ́."

Ó ní ẹni tó bá ti jáde, wọn ò ní gbà á padà, ó di ọdún kan gbáko. Mo ní kò sí wàhálà. Èmi tí mi ò fẹ́ purọ́ láàárọ̀, mo pa á nírọ̀lẹ́.

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ ló dáa," ó ní. "Mo wo gbogbo ohun tó ti béèrè lọ́wọ́ yín. Ìwọ̀nba tí ẹ gbà fún un, kò ṣí ọ̀kan níbẹ̀. Ẹja gan-an, kò fọwọ́ kàn án. Ọmọ yẹn kàn ń yọ yín lẹ́nu ni."

Ìyẹn dùn mí ju Rárá tí mo tẹ̀ lọ. Èmi ń fi gbogbo agbára mi jiyàn, àṣé ọmọ ń fi mí ṣeré.

Lọ́jọ́ Ajé, aago mẹ́rin lù, fóònù ò dún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun náà, bákan náà. Mo gé kọ́kọ́rọ́ géètì fún ìyá kan, ó lọ, ó padà wá, ó ní kọ́kọ́rọ́ náà ò wọ ihò ẹ̀. Mo tún un gé, ó tún padà wá, kò wọ̀ ọ́. Ó ní, "Bàbá, ṣé ara yín yá?" Mo jágbe mọ́ ọn, mo sì tún bẹ̀ ẹ́. Mo ti pé ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ọdún kan lójú ẹni bíi tèmi kì í ṣe nǹkan kékeré, nígbà tó bá sì fi máa pé, ọmọ á ti dàgbà, ó lè má fẹ́ bá arúgbó jiyàn mọ́. Mo lè pe fóònù baba ẹ̀, àmọ́ kí baba tó wọlé, ọmọ ti sùn; ti ìyá ẹ̀ ńkọ́, kí n pè é kí n wí kí ni? Ó dùn mí. Mi ò ní tan yín.

Lọ́jọ́bọ̀, aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ pè mí. Ìyá oníkọ́kọ́rọ́ géètì yẹn ló dúró síwájú mi, ìgbà kẹta tó ń padà wá nìyẹn.

"Ẹ kúùrọ̀lẹ́ sà," ohùn obìnrin kan ní. "Èmi ni aránṣọ tó ń gbé ìsàlẹ̀ ilé ọmọ yín. Láti ọjọ́ Ajé lọmọ yìí ò ti jẹ́ kí n gbádùn. Òní ló wá tú ike tó wà lára kọ́kọ́rọ́ ilé wọn, ó ní nọ́ńbà yín ló wà lára ẹ̀. Ẹ gbà á o."

"Bàbá àgbà."

Ohun tí mo mọ̀ ọ́n sọ ni mo sọ. "Fóònù ta nìyẹn?"

"Ti Màmá aránṣọ ni."

"Ta ló wà lọ́dọ̀ ẹ?"

"Àwọn náà ni. Wọ́n ní kò burú, lójoojúmọ́ pàápàá, tí mo bá ti ṣe iṣẹ́ iléèwé tán."

"Kí lo fẹ́?"

"Mo fẹ́ tọrọ àyè ni. Àyè kí n máa pè yín ní aago mẹ́rin."

Ọ̀rọ̀ náà, Bẹ́ẹ̀ ni, ti dé orí ahọ́n mi. Ó yára gbà á mọ́ mi lẹ́nu.

"Ẹ má tíì dáhùn, Bàbá àgbà. Ẹ jọ̀ọ́. Lọ́jọ́ tí mo béèrè ẹja, bí ẹ ṣe gbà báyìí, ọ̀rọ̀ tán. Ti ìṣirò, ẹ ò tiẹ̀ pè. Tí ẹ bá kọ̀ ni ẹ máa ń pẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lákínyẹmí ara. Ìbọn, ewúrẹ́, ọmọ ìkókó tó ń sunkún, kò fẹ́ ìkankan nínú wọn. Ìyá oníkọ́kọ́rọ́ ń wojú mi.

"Ó dáa," mo ní. "Mo kọ̀. Wá rojọ́ ẹ."

Mo gbọ́ tó fa àga. Ó jókòó dáadáa. "Kí ló dé tí ẹ fi kọ̀?"

Mo nawọ́ àpótí ìjókòó sí oníbàárà mi, mo ní kó fara balẹ̀, ẹjọ́ yìí máa pẹ́.

"Lákọ̀ọ́kọ́ ná," mo sọ fún Lọ́yà, "àwọ̀ wo ni ògiri pálọ̀ yín?"

Ó ní àwọ̀ ewé ni, àmọ́ ó ti ṣí lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Mo mú bírò, mo kọ ọ́ sẹ́yìn ike kan.