Omi Orí Dẹ́kì

Ẹ̀kán omi kan já láti òkè àjà, ó bọ́ sórí áyọ́ọ̀nù gbígbóná, ó dún ṣàà. Alágbàfọ̀ gbójú sókè. Èkejì bọ́ sí i níwájú orí. Ẹ̀kẹta kò yà sọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, àárín aṣọ nọ́ọ̀sì funfun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ tán ló lọ tààrà, ó sì fi àbàwọ́n pupa bí irin tó dógùn-ún síbẹ̀, bí ẹni pé láti àárọ̀ ló ti ń béèrè ọ̀nà ibẹ̀.

Kí ó tó nawọ́ mú bọ́kẹ́ẹ̀tì, gbogbo àjà ti ń sunkún bí opó. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì síbí, omi bọ́ sọ́hùn-ún. Ó gbé abọ́ sọ́hùn-ún, omi padà síbí. Ìkòkò tán, ó kan ife. Ife tán, ó kan ìdérí ìkòkò. Ẹni tó bá yọjú wọlé lásìkò yẹn ìbá bẹ̀rẹ̀ sí í ná abọ́, torí yóò rò pé wọ́n pàtẹ wọn fún títà ni.

Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọkọ rẹ̀, bíríkìlà, na gbalaja. Ó fi tapólì bora dé ọrùn, ó ń hanrun bí ẹ̀rọ ìlọta. Omi ń bọ́ sórí tapólì, ó ń gba ibi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàn lọ sílẹ̀, kò kàn án. Ọkùnrin náà lè sùn nínú odò, bí wọ́n bá ṣáà ti fún un ní ìrọ̀rí.

"Bàbá ọmọ mi, ẹ dìde. Ilé ń jò."

"Mo mọ̀," ni ọkọ dáhùn láìlajú. "Ṣé o ò rí tapólì ni?"

Ọ̀rọ̀ aṣọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ilé ìwòsàn tó wà ní ìparí àdúgbò ló ni wọ́n, òun nìkan sì ni oníbàárà gidi tó ṣẹ́kù fún Alágbàfọ̀. Àpọ́n ni àwọn yòókù, àwọn tó máa ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì kan ṣoṣo títí ṣẹ́ẹ̀tì náà yóò fi lè dìde dúró fúnra rẹ̀ kó máa lọ síbi iṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mẹ́tírọ́nù gbé aṣọ kan sí imú, ó gbé e kúrò kíá, ó sì sọ ọ́ jẹ́jẹ́ láìpariwo, "Màmá, aṣọ yìí ń rùn bí èkúté tó kú sínú àpótí. Tó bá tún rí báyìí ní Mọ́ńdè, ẹlòmíì la ó máa kó o fún." Òní Sátidé nìyí. Aṣọ tó mọ́ ti tutù, èyí tó tutù ti pọ́n, kò sì síbi tí ènìyàn lè sá nǹkan sí nínú yàrá tí òjò ti wọ̀, tó sì ti tẹ́ ẹní jókòó.

Ó gba ọ̀dọ̀ alámòójútó ilé lọ. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, torí kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ìgbànú pọ̀ débi pé èjìká rẹ̀ ọ̀tún ti rẹlẹ̀ ju tòsì lọ. Bó bá ń bọ̀, àwọn ajá òpópónà kejì á ti gbọ́ ọ, wọ́n á dìde, wọ́n á yà fún un. Onílé fúnra rẹ̀, kò sẹ́ni tó rí i rí. Àwọn kan ní ó wà lókè òkun, àwọn kan ní ó ti kú, àwọn mìíràn ní Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gan-an ni onílé, pé ó kàn ń sá fún àwọn tí ilé ń jò lé lórí ni.

Igun ilé ni yàrá ọkùnrin náà wà. Ó gbẹ. Ó gbẹ débi pé ètè Alágbàfọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ sán bó ṣe wọlé. Ó ro ẹjọ́ rẹ̀ látòkè délẹ̀: aṣọ nọ́ọ̀sì, mẹ́tírọ́nù, ìkòkò, ìdérí ìkòkò. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ fi kọ́kọ́rọ́ tínínrín kan ń họ inú etí, ó ń gbọ́. Nígbà tó tán, ó mí kanlẹ̀.

"Ìyá Alágbàfọ̀, òjò ò bẹ́nì kan ṣọ̀tá. Ẹni eji bá rí ni eji ń pa."

"Inú yàrá tí mo sanwó rẹ̀ ló ti rí mi, sà."

"Yàrá la fi háyà fún yín. Ta ló fi ojú ọ̀run háyà?" Ó wo orí kọ́kọ́rọ́ náà, ó nù ún mọ́ ṣòkòtò. "Ẹni tí ò bá tẹ́ lọ́rùn, àwọn tó ń wá yàrá tò láti ẹnu ọ̀nà yìí dé ibùdókọ̀. Ẹ sì bá mi sọ fún bàálé yín: ẹni tó bá tún fọwọ́ kan dẹ́kì yẹn láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi, kó máa palẹ̀ ẹrù mọ́."

Alágbàfọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, torí ènìyàn gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jáde. Inú tó ń bí i lọ́jọ́ náà, bí ẹ bá gbé áyọ́ọ̀nù lé e láyà, yóò gbóná láìlo iná.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó bá aránbàtà, ọkùnrin tí òun àti ìyàwó rẹ̀ gba yàrá ẹ̀gbẹ́ tiwọn. Ìlú òkèèrè ló ti wá, èdè tiwọn sì ṣì ń bá Yorùbá jà lẹ́nu rẹ̀. Ilé náà kúkú rí bẹ́ẹ̀: yàrá mẹ́fà, àfi bí ẹni pé ẹyẹ oríṣiríṣi ló pa ìtẹ́ sórí igi kan. Bí ẹnìkan bá kí ènìyàn láàárọ̀, yóò di ọ̀sán kó tó mọ̀ pé ìkíni ni. Aránbàtà ṣí agbòjò láàárín ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó gbé ọmọ tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sábẹ́ rẹ̀.

"Àǹtí, tiyín náà?"

"Tèmi náà."

Ó rẹ́rìn-ín ẹni tí ẹkún ti sú. "Ọ̀gbẹlẹ̀ ló lé mi kúrò nílùú wa. Mo bẹ Ọlọ́run fún omi. Ó jọ pé ẹ̀ẹ̀kan náà ló fẹ́ fún mi tán."

Ẹnu Alágbàfọ̀ fẹ́ rín ẹ̀rín, ọkàn rẹ̀ ò gbà fún un.

Ìgbà tó dé yàrá, ọkọ rẹ̀ ti jí, ó ti wọ bàtà iṣẹ́, ó sì ń po sìmẹ́ńtì nínú agbada irin. Òjò ti dáwọ́ dúró lóde, ṣùgbọ́n nínú ilé, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbádùn ara rẹ̀ ni. Bíríkìlà ní kí ìyàwó fọkàn balẹ̀, pé wákàtí kan péré, òun á gbé tiwọn náà ga.

"Ẹ gbé kí ni ga?"

"Orí yàrá wa. Bí mo ṣe ṣe fún àwọn tó kù."

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti kó dé ilé náà, Alágbàfọ̀ kò gun òkè dẹ́kì rí. Ó so ìró mọ́ra dáadáa, ó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ gun àkàbà. Ohun tó rí lókè mú un gbàgbé ẹsẹ̀ kejì sórí àkàbà. Dẹ́kì tó yẹ kó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àtẹ́lẹwọ́ ti di oko ebè. Lórí yàrá télọ̀, ebè sìmẹ́ńtì. Lórí yàrá awakọ̀, ebè. Lórí yàrá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ń tún fóònù ṣe, ebè tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá dúró lé e lè bá òṣùpá sọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀. Ti Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ní igun ló nípọn jù. Orí yàrá tiwọn àti ti aránbàtà nìkan ló wà nísàlẹ̀, omi sì dúró síbẹ̀ bí adágún. Bí wọ́n bá sọ fún un pé ọ̀nì ń gbé inú rẹ̀, kò ní jiyàn.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe gbogbo èyí?"

Bíríkìlà wú àyà. "Èmi náà ni. Wo bí etí rẹ̀ ṣe gún."

Ó wá ń ṣàlàyé, inú rẹ̀ sì ń dùn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wá bá a, olúkúlùkù pẹ̀lú èdè rẹ̀, olúkúlùkù ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé yàrá òun ń jò, kó bá òun gbé e ga, kó má sọ fáwọn tó kù. Ó gbé ti télọ̀ ga, omi yà sórí awakọ̀. Awakọ̀ wá bẹ̀ ẹ́. Ó gbé tiẹ̀ ga, omi bọ́ sórí àwọn tó ń tún fóònù ṣe. Àwọn náà wá. Bíríkìlà rò pé Ọlọ́run ti ṣílẹ̀kùn iṣẹ́ fún òun lórí ara ilé tí òun ń gbé, kò tilẹ̀ ná òun lówó ọkọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ń lé omi láti yàrá dé yàrá," ni ìyàwó rẹ̀ sọ, "bí ẹni ń lé ewúrẹ́, títí ẹ fi lé e wọ tiwa."

"Ṣé kí n lé oníbàárà ni? Iṣẹ́ ni wọ́n gbé wá, mo ṣe é." Ó ti ń gbé agbada sílẹ̀. "Ó ti parí báyìí. Tí mo bá ti gbé tiwa ga, a bọ́ nìyẹn."

Alágbàfọ̀ wo ibì kan ṣoṣo tí yóò kù fún omi náà. Gbogbo adágún yẹn, lórí yàrá aránbàtà. Kí n má parọ́ fún yín, ó rò ó. Ó ro Mọ́ńdè, ó ro mẹ́tírọ́nù àti imú rẹ̀, ó rò ó pé ọmọ jòjòló kò ní aṣọ ilé ìwòsàn tí yóò lọ̀, agbòjò sì wà fún un. Ó rò ó títí ojú fi tì í.

"Nígbà tí a kó dé," ó ní, "òjò ọdún yẹn rọ̀ bí ẹni ń ya odò dànù, ẹ̀kán kan ò já lé wa. Ibo lomi ń gbà lọ nígbà náà?"

Bíríkìlà wo bàtà rẹ̀. Ó wo ọ̀run. Ó wo agbada sìmẹ́ńtì bí ẹni pé ó lè bá a dáhùn. Ó wá fi àgbọ̀n júwe igun Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Ihò kan wà níbẹ̀, ó ní, pẹ̀lú páìpù tó sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ọkùnrin náà. Ariwo omi inú páìpù kì í jẹ́ kí Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ sùn, ló bá ní kí òun dí ihò náà pa, kí òun rọ sìmẹ́ńtì lé e. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí òun ṣe lórí dẹ́kì náà nìyẹn. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ sì ti kìlọ̀ pé bí ẹnikẹ́ni bá gbọ́, kí òun wá yàrá mìíràn.

Alágbàfọ̀ jókòó sórí ebè télọ̀. Ó fẹ́ bú ọkọ rẹ̀, ó wò ó níbi tó dúró sí, sìmẹ́ńtì lápá, omi lẹ́sẹ̀, bí ọmọ tó fọ́ ìkòkò ìyá rẹ̀, èébú náà sì sú u kó tó bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ lọ gbé òòlù ńlá yẹn wá."

"Ìyàwó, ó máa lé wa jáde."

"Síbo? Sínú òjò?"

Bíríkìlà sọ̀ kalẹ̀ lọ gbé òòlù. Ìgbà tó ń padà bọ̀, aránbàtà ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn. Ó ti gbé ọmọ fún ìyá rẹ̀, ó sì mú òòlù tiẹ̀ dání, èyí tó fi ń kan ìṣó sí gìgísẹ̀ bàtà, tí kò ju àtàǹpàkò lọ. Ó lọ kúnlẹ̀ síbi ebè Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ etí rẹ̀ bí ẹyẹ akókó. Bíríkìlà wò ó títí, ó gbé òòlù ńlá sókè.

Nígbà tí irin bọ́ sórí sìmẹ́ńtì, gbogbo ilé mì. Télọ̀ yọ orí lójú fèrèsé, ó béèrè bóyá wọ́n máa débi tòun. Lẹ́yìn náà ni kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dún, jìngìn-jìngìn, láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ dé ìdí àkàbà. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ gùn ún, kọ́kọ́rọ́ ń fà á padà, ó tún gùn ún, títí orí rẹ̀ fi yọ.

"Ẹ sọ òòlù yẹn sílẹ̀. Ọjọ́ Mọ́ńdè, ẹ kó jáde nílé yìí, gbogbo yín."

Ọwọ́ bíríkìlà dúró lófuurufú. Kì í ṣe Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ ló wò, ìyàwó rẹ̀ ló wò.

"A ti gbọ́, sà," ni Alágbàfọ̀ wí. Ó bọ́ sálúbàtà, ó wọ inú omi. "Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ, bàbá ọmọ mi."

Òòlù balẹ̀. Ó tún balẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, nǹkan kan sán lábẹ́ ebè náà, sìmẹ́ńtì rì wọnú ara rẹ̀, ihò dúdú kan sì yọjú, ó tóbi tó ìkúùkù. Omi náà kò tilẹ̀ mira, bí ẹni tí wọ́n ṣílẹ̀kùn ẹ̀wọ̀n fún tó rò pé ẹ̀tàn ni. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ dì mọ́ orí àkàbà, ó ń sọ orúkọ onílé tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ rí, lẹ́yìn náà ó sọ̀ kalẹ̀, jìngìn-jìngìn, ó lọ.

Bíríkìlà nu òógùn. "Ìyàwó," ó ní jẹ́jẹ́, "ṣé ká lọ máa palẹ̀ ẹrù mọ́ ni?"

Alágbàfọ̀ ká ìró sókè. Ó dúró láàárín adágún, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Omi ti ń rọra gba ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó ń fà lọ sí apá igun.

"Ẹ jẹ́ kó gbẹ ná," ó ní. "Ẹrù tútù wúwo."